Kí O Tó Rán Dẹ́rẹ́bà Wá Gbé Mọ́tò Bàbá Rẹ

Oǹdó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fúnkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má pè mí lórí fóònù nítorí lẹ́tà yìí. Kà á tán ná. Lórí fóònù, bí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, ìwọ á ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ wọ kíláàsì, mo máa pè yín padà." Èmi náà á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀. Bébà kò ní kíláàsì tí ó fẹ́ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì tí a máa ń fi po ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀, nígbà tí ilé búrẹ́dì wa ṣì ń ṣiṣẹ́. N kò ní dìde níbí títí màá fi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kí ọmọ ẹni di olùkọ́ ní yunifásítì kì í ṣe ohun kékeré. Ká ní bàbá rẹ wà láàyè ni, kò sí ẹni tí kò ní ti gbọ́ ní gbogbo Arakale ní Àkúrẹ́, àti ẹni tó bi í léèrè àti ẹni tí kò bi í.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló kàn. O ní o fẹ́ kí wọ́n gbé mọ́tò bàbá rẹ wá sí Àkúrẹ́, kí ọ̀gá péńtà kan ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, kí ó sì kùn ún ní dúdú, kí ojú má baà tì ọ́ nígbà tí o bá ń gbé e wọ ọgbà iṣẹ́. O ní dẹ́rẹ́bà ni o tún máa rán wá ní Sátidé, nítorí ìwọ fúnra rẹ kò ní ráyè. Mo gbọ́. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé mọ́tò yẹn kò nílò ọ̀dà tuntun. Ó ṣá ni, kò kú. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń dán an lábẹ́ igi máńgòrò, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Ọ̀dà búlúù tí ó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé e wálé, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ni mò ń ká kúrò.

Màá sọ bí a ṣe ń ṣe é fún ọ, nítorí ìwọ ni yóò máa ṣe é lẹ́yìn mi. Màá sọ àṣìṣe mi mọ́ ọn, nítorí kò sí ohun tí mo mọ̀ nípa ara mọ́tò tí kì í ṣe pé mo kọ́kọ́ bà á jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìkíní. A kì í fọ mọ́tò bí ẹní ń fọ ìkòkò.

Oṣù kẹta tí mo wọlé bàbá rẹ ni ó ra mọ́tò náà. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní Arakale nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nínú ètò ìṣòwò ni, orí mi wú. Mo gbà pé kò sí ìṣòro láyé yìí tó ju pé àwọn èèyàn ń fi nǹkan falẹ̀. Ní Sátidé kan, tí ó ku ọ̀la kí a lọ sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òbí mi níbí ní Oǹdó, bàbá rẹ ti ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró dé láti ibi iṣẹ́. Ẹrẹ̀ pupa bo mọ́tò náà dé orí. Ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, pé bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, òun á fọ̀ ọ́.

Èmi kò lè dúró de oòrùn. Mo bu eérú nínú ààrò, mo mú kànìnkànìn tí mo fi ń fọ ìkòkò ọbẹ̀, mo sì dojú kọ mọ́tò ọkọ mi. Ìyá mi ló kọ́ mi pé ohun tí eérú kò bá lè mú mọ́, kí a sọ ọ́ nù. Mo gbo ó láti bónẹ́ẹ̀tì dé búùtù, mo tún padà sórí bónẹ́ẹ̀tì. Mo ń kọrin.

Nígbà tí omi gbẹ lára rẹ̀ ni mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí ibi tí adìyẹ ti ń wá oúnjẹ fún ọmọ ni ara rẹ̀ rí, ìlà lórí ìlà. Ẹkún ti ń bọ̀ lójú mi kí bàbá rẹ tó jáde. Ó dúró, ó wò ó láti iwájú, ó lọ wò ó láti ẹ̀yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì. Ó wá ní, "Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lára ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò onílà yẹn la gbé lọ sí ìkórè. Àwọn ẹbí mi yí i ká, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ṣe mọ́tò tuntun lọ́ṣẹ́ báyìí. Ó ní ẹ̀gún ọ̀nà oko ni. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé ẹ̀gún náà wé gèlè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, gbọ́. Má fọ mọ́tò nínú oòrùn. Àárọ̀ ni, tàbí ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ibòòji, nígbà tí irin rẹ̀ bá tutù sí ọwọ́. Kọ́kọ́ da omi lásán sí i, omi púpọ̀, kí iyanrìn ara rẹ̀ ṣàn lọ kí aṣọ tó kàn án. Kì í ṣe aṣọ ló ń ha mọ́tò, iyanrìn tí aṣọ ń wọ́ kiri ni. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kalẹ̀: ọ̀kan fún ọṣẹ mọ́tò, ọ̀kan fún omi tí o máa fi ṣan aṣọ kí o tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló dára jù. Máa ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí pọ̀ sí. Bí aṣọ bá jábọ́ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di aṣọ ìnulẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí i tí ẹ̀yin èwe ìsinsìnyí ń gbọ̀n ọ́n, tí ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, tí ẹ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Iyanrìn kì í gbọ́ ti atẹ́gùn ẹnu.

Ìmọ̀ràn ibẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ nìyí. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbi kan, má gbé e lọ lo níbòmíràn láìbéèrè. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kódà bí o bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá sì bá nǹkan rẹ jẹ́ níbi tó ti ń gbìyànjú láti ràn ọ́ lọ́wọ́, wá ẹ̀gún kan tí o máa di ẹ̀bi náà rù. Ohun tí bàbá rẹ ṣe fún mi nìyẹn, mi ò sì tíì rí ẹ̀bùn tó jù ú lọ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkejì. Má fi kẹrosíìnì dán an.

Èyí kò gùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ eérú, mo wá ọ̀nà àbùjá. Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá odò sọ fún mi pé bí mo bá bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú omi, tí mo fi nù ún, gbogbo ìlà á wọlẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n wọlẹ̀. Mọ́tò náà dán bí ẹni fi òróró para. Mo pe bàbá rẹ wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, gbogbo eruku Arakale ló ti wá bá wa lálejò lára rẹ̀, ìlà sì ti jáde padà. Mo tún fi nù ún. Mo ṣe é fún oṣù bíi mẹ́ta, oòrùn sì ń jó ọ̀dà náà lábẹ́ òróró yẹn títí ó fi funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara nínú ọyẹ́. Òun ni ṣíṣá tí o bá lára rẹ̀, tí o rò pé ogbó ni. Ogbó kọ́. Èmi ni.

Má dán nǹkan nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Èyí tó kù, o ti gbọ́n tó láti fi kún un fúnra rẹ.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

Nígbà tí bàbá rẹ rí i pé kẹrosíìnì fẹ́ ba mọ́tò náà jẹ́ pátápátá, ó lọ bá péńtà kan tó mọ̀, ó béèrè. Ó wá gbé agolo kan wálé. Kọ́mpáǹdì ni wọ́n ń pè é. Ó rí bí ìpara, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìka méjì pa á, o máa mọ̀ pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, èyí tó kúnná bí àtíkè. Láti ọjọ́ náà, Sátidé di ọjọ́ mọ́tò fún èmi àti òun. Òun lápá kan, èmi lápá kejì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé ó ń fi ọjọ́ mi ṣòfò ni. Fúnkẹ́, bí ẹnìkan bá lè dá ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn padà fún mi lónìí, èmi ni màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde kí ó tó jí.

Bí ó ṣe kọ́ mi nìyí. Kí o tó fi nǹkan kan sí ìlà kankan, fi èékánná rẹ kọjá lórí rẹ̀ ní ìbú. Bí kò bá kọ́ èékánná, ojú ọ̀dà lásán ló wà, kọ́mpáǹdì á mú un lọ. Bí ó bá kọ́ èékánná, ìlà náà ti jìn, o kò sì lè gbo ó tán láìgbo ọ̀dà tán. Èyí tó bá jìn dé irin, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni kí o fi kán ọ̀dà tó bá a mu sínú rẹ̀, ẹ̀kán kan lóòjọ́, kí ó gbẹ, kí o tún kán òmíràn, títí yóò fi kún. Kò ní pòórá. Ṣùgbọ́n kò ní dípẹtà.

Fún èyí tí kò jìn, rẹ aṣọ mímọ́ díẹ̀ nínú omi, fi kọ́mpáǹdì tó tó ẹyọ ẹ̀wà méjì sí i. Má mú ibi tó ju ìbú páànù búrẹ́dì lọ lẹ́ẹ̀kan. Máa yí ọwọ́ po róbótó-róbótó, kí ọ̀kan gun ẹ̀yìn ìkejì, kí ọwọ́ rẹ má wúwo. Nù ún kúrò kí ó tó gbẹ, kí o wò ó. Aṣọ rẹ á di búlúù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ti èmi di búlúù, mo kígbe pé mo ti bó mọ́tò láwọ. Bàbá rẹ ní kí n fara balẹ̀, pé òkú awọ ló ń bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò àtijọ́ ṣe rí. Ti ìsinsìnyí ní ìbòrí kan tó mọ́ bíi gíláàsì lórí ọ̀dà wọn; bí o bá ń dán irú ìyẹn lọ́jọ́ kan tí àwọ̀ sì jáde sára aṣọ, ká ọwọ́ rẹ kúrò kíá.

Etí bónẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe àṣìṣe tó kù. Ọ̀dà kì í nípọn létí nǹkan. Ibi tí irin bá ti ṣẹ́ po ni ó ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Bàbá rẹ ti sọ fún mi kí n lẹ téèpù mọ́ ọn. Mo ní téèpù ń fàkókò ṣòfò. Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ rí òpin rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbo ó, ó kù díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ wà lápá kejì, ó gbọ́ ìró aṣọ mi, ó sì mọ̀. Ó ní, "Dúró. Ohun tí à ń wá ti dé tipẹ́. Ìwọ lò ń lé e lọ báyìí."

Mo wo ìsàlẹ̀ aṣọ mi. Abẹ́ ọ̀dà tó rí bí eérú ti yọ, ó tó ojú bọ́tìnnì. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, lápá ọ̀tún, lábẹ́ ọ̀dà tí bàbá rẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kán sí i. Bí o bá fi ọwọ́ wá a, o máa rí i.

Mo ti ń sá fún ohun tó tẹ̀lé èyí láti ìgbà tí mo ti mú bírò. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan, bí mo tilẹ̀ ní n kò ní dìde. Mo lọ gbé omi kaná, mo tún gbé e sọ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, ìwọ nìkan lo lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn nínú mọ́tò náà, lápá òsì, o ti ilẹ̀kùn mọ́rí, o ń sunkún. Èmi ni mo ṣètò ìsìnkú yẹn. Gbogbo ènìyàn ló yìn mí. Àga pé, ìbòrí pé, oúnjẹ délẹ̀ lásìkò, kò sí ohun tó falẹ̀. Mo ní ìwé kan lọ́wọ́ tí mo ń fi bírò fagi lé ohun tó bá ti parí. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn Ọ̀wọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ ló kàn, wọn kò tíì jẹun, orúkọ rẹ ló sì wà níwájú rẹ̀. Mo wá ọ dé ibi mọ́tò. Mo fi òrùka ọwọ́ mi kan gíláàsì. Mo ní, "Fúnkẹ́, sọ̀kalẹ̀. Àwọn àlejò ò tíì jẹun."

O sọ̀kalẹ̀. O nu ojú rẹ, o gbé oúnjẹ fún wọn, o tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo sì fagi lé e nínú ìwé mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti sùn nínú ilé yìí. Ò ń pè, ò ń fi oògùn àti owó ránṣẹ́, ọmọ dáadáa ni ọ́, mi ò ní ẹjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó kì í ṣe ìrìn àjò tó yẹ kí ó gba ọdún kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti rò ó títí. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo ń dán mọ́tò yìí, ọwọ́ mi dé etí bónẹ́ẹ̀tì, ó bá ojú bọ́tìnnì yẹn, mo sì dá ọwọ́ dúró. Mo ti tẹ ọmọ mi jù níbi tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

N kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ ẹni. A kò kọ́ mi níléèwé, ìyá mi náà kò sì bẹ̀ mí rí. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ṣe rí nìyí, jọ̀wọ́, Àbẹ̀kẹ́, dárí jì mí. Kì í ṣe pé èmi kò sunkún. Mo fi sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán ni. Nígbà tí iṣẹ́ wá tán, kò sí ẹnikẹ́ni nílé mọ́ tí a lè jọ sun ún.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi rò kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Dẹ́rẹ́bà tí o rán ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Bàbá Ṣèyí, mo sọ fún un pé mọ́tò kò ṣiṣẹ́, ìwọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti kúrò ní Àkúrẹ́, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo tú wáyà orí bátìrì. Ó dé, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sí ìró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó wò mí.

Ó ní, "Mọ́mì, ó dà bíi pé ẹnìkan tú wáyà yìí."

Mo ní ẹnìkan wo, ta ló ń bá mi gbélé?

Ó ní, "Ìyẹn náà ni mò ń rò, mà." Kò sì fọwọ́ kan wáyà náà. Ó ti bónẹ́ẹ̀tì padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní ó máa gba mẹkáníìkì o. Mo bu ìrẹsì fún un. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi bíi wákàtí kan, kó tó lọ wọ ọkọ̀ èrò padà. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Má bínú sí i. Bí ó ti ń lọ, Ìyá Bísí tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì wa pariwo láti ojúde rẹ̀ pé ṣé mo ti kọ mọ́tò fún wọn ni. Mo ní kí ó gbájú mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀.

Ṣé o rí i? Èmi tí mo máa ń fi aago síwájú ààrò búrẹ́dì, èmi tí mo lé òṣìṣẹ́ lọ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dán ilẹ̀kùn kan. Bí mo bá dán ibi kan tán, màá ní ó kù díẹ̀ káàtó, màá tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo máa gbé ọwọ́ lé bí ilẹ̀ bá mọ́ ni mò ń wá. Ilé yìí tóbi, ọmọ mi. Mo ṣì ń jí lákòókò tí wọ́n máa ń dáná ààrò, màá wá jókòó, màá rántí pé a ti ti ilé búrẹ́dì pa. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mọ́tò bá ti tán, wọ́n á wá gbé e, abẹ́ igi máńgòrò yẹn á sì ṣófo. Àwa méjì la ṣẹ́kù nínú ọgbà yìí, èmi àti mọ́tò.

Ó tó. Jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́mpáǹdì, pọ́líìṣì ló kàn. Kò ní iyanrìn tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń pa ojú ọwọ́ rẹ́. Ìda ló gbẹ̀yìn. Fi í pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kí ó gbẹ títí yóò fi funfun bí èéfín, kí o wá fi aṣọ mímọ́ tí o kò tíì lò nù ún. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí o máa ṣe ti ìda, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, má dúró di oṣù mẹ́ta. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i, tàbí oje máńgòrò kán sí i, má fi èékánná ha á. Fi aṣọ tútù lé e, kí ó rọ̀, á ṣí fúnra rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti dán? Àwọn péńtà á ní bí o bá ti rí ojú rẹ nínú rẹ̀, ó parí. Òfin bàbá rẹ yàtọ̀. Bí ó bá ti nu ìda kúrò lára ilẹ̀kùn, á lóṣòó síwájú rẹ̀, á pè mí pé kí n wá lóṣòó ti òun. Á ní, "Èèyàn mélòó lo rí?" Lákọ̀ọ́kọ́, nǹkan méjì ṣíṣú ni mo máa ń rí, màá ní méjì. Á ní irọ́ ni, pé mo kàn mọ̀ pé méjì ni wá ni. À á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo wo inú ilẹ̀kùn náà tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín, mo rí àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ kedere. Mo ní, "Mo rí èjí yín." Ó dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí a máa lọ s'úlé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni títí dópin, kò sọ "ilé" rí lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn méjì, Fúnkẹ́. Ẹnìkan kì í rí ibi tó ṣú lára ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán.

Lánàá ni mo nu ìda kúrò lára ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Mo lóṣòó síbẹ̀, orúnkún mi ń dún. Mo rí igi máńgòrò, mo rí ògiri, mo rí aṣọ tí mo sá sórí okùn. Mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó wé ìborùn bàntà-banta. Gẹ́gẹ́ bí òfin bàbá rẹ, mọ́tò náà kò tíì dán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, kò sì pọ̀. Mo ti dá wáyà bátìrì padà. Bí ó bá jẹ́ dẹ́rẹ́bà lo máa rán ní Sátidé, rán an, mọ́tò á ṣiṣẹ́, màá sì kó kọ́kọ́rọ́ fún un láìjanpata. Bí o bá gbé e dé Àkúrẹ́ tí o ṣì fẹ́ kùn ún ní dúdú, kùn ún. Tìrẹ ni.

Ṣùgbọ́n mo ti dán gbogbo ara rẹ̀ tán, àyàfi ilẹ̀kùn kan. Ti ẹ̀yìn, lápá òsì, èyí tí mo fi òrùka kan gíláàsì rẹ̀. Mi ò fi kọ́mpáǹdì kàn án, mi ò fi ìda kàn án. Kọ́mpáǹdì ṣẹ́kù nínú agolo, mo sì ti ya síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ méjì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún mi. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo wá, tí o fẹ́ kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ kí o ti ilẹ̀kùn mọ́rí, jókòó bó ṣe wù ọ́ kí ó pẹ́ tó. Mi ò ní kan gíláàsì. Nígbà tí o bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ, a ó jọ dán an, a ó sì lóṣòó síwájú rẹ̀.

Èjí yẹn wà lẹ́nu rẹ, ìwọ náà mọ̀. Mo fẹ́ rí i lára ilẹ̀kùn.

Èmi ni, ìyá rẹ tí kò lè dúró, tó ń dúró dè ọ́.